Ẹ̀sùn ìyọlẹ́nu kì í ṣe àṣẹ ìlékúrò: ohun tó yẹ kí onílé àti ayálégbé mọ̀

Onílé kọ ìwé pélébé kan, ó tì í wọ abẹ́ ìlẹ̀kùn: "Ariwo rẹ ti pọ̀ jù. O ti di ìyọlẹ́nu fún gbogbo ilé. Kó ẹrù rẹ jáde kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí." Ayálégbé kà á, àyà rẹ̀ já, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá páálí tí yóò kó ẹrù sí. Onílé pẹ̀lú ti ń wá ẹni tuntun tí yóò gba yàrá náà. Lójú àwọn méjèèjì, ìwé yẹn ti parí ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ kò tíì bẹ̀rẹ̀ rárá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyí. Wọ́n rò pé tí onílé bá ti fẹnu sọ pé ayálégbé ń yọ ilé lẹ́nu, ó ti lẹ́tọ̀ọ́ láti lé e nìyẹn. Ẹ̀sùn ni onílé lè fi kan èèyàn. Àṣẹ pé kí èèyàn kó jáde, ọwọ́ adájọ́ ló wà. Kí ẹ̀sùn tó di àṣẹ, onílé ní láti fi hàn pé ohun tí ayálégbé ń ṣe wọ inú ohun tí òfin ń pè ní ìyọlẹ́nu. Ó ní láti fún un ní ìwé tó bá òfin mu. Ó sì ní láti dúró kí adájọ́ gbọ́ tẹnu ẹnì kejì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Òfin ilé kò rí bákan náà níbi gbogbo. Àwọn àpẹẹrẹ tí mo máa mú wá, láti Èkó, England, Jámánì, Gúúsù Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ni. Òfin ibi tí ilé yín wà ni wọn yóò fi dá ẹjọ́ yín o. Àmọ́ tí ẹ bá fi àwọn òfin yìí wé ara wọn, ẹ ó rí i pé ohun tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ onílé kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra.

Ariwo wo ló ń di ìyọlẹ́nu?

Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí àwọn lọ́ọ̀yà ń lò, nuisance, inú èdè Faransé àtijọ́ ló ti wá, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a pa èèyàn lára. Ìyẹn ṣe pàtàkì, nítorí òfin kì í wò ó bóyá inú ń bí ẹnì kan. Ohun tó ń wò ni bóyá ẹni tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ kò lè lo ilé rẹ̀ bó ṣe yẹ mọ́: kò rí oorun sùn, kò rí ọ̀nà gbà kọjá ní kọ́rídọ̀, ẹ̀rù ń bà á láti jáde, omi ìdọ̀tí ń jò lé e lórí. Adájọ́ á béèrè bí nǹkan náà ṣe wúwo tó, iye ìgbà tó ti ṣẹlẹ̀, aago mélòó ló máa ń ṣẹlẹ̀, àti bóyá yóò dààmú èèyàn bíi tèmi tìrẹ. Ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ kí ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín ní ọ̀sán gangan, ìyẹn kọjá ohun tí kóòtù lè bá a ṣe.

Òfin ilé gbígbé ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí wọ́n ṣe ní 2011, sọ pé adájọ́ lè dá ilé padà fún onílé bí ìwà ayálégbé, tàbí ti ẹni tó ń bá a gbé, bá jẹ́ ìyọlẹ́nu tí kò ṣeé mú mọ́ra. Ẹ wo gbólóhùn ìparí yẹn dáadáa. Tí òfin bá ń sọ̀rọ̀ nípa èyí tí kò ṣeé mú mọ́ra, a jẹ́ pé èyí tó ṣeé mú mọ́ra wà, tí ẹnikẹ́ni tó bá ń bá ẹlòmíràn pín ògiri yóò kàn máa gbé e mì. San Francisco, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, náà tún òfin tiwọn ṣe ní 2015: ìyọlẹ́nu gbọ́dọ̀ le gan-an, tàbí kó máa bá a lọ láìdáwọ́dúró, tàbí kó máa ṣẹlẹ̀ léraléra, kí onílé tó lè fi gba ilé padà.

England ní tiwọn la ẹnu ọ̀nà gbòòrò. Nínú òfin ilé wọn ti 1988, ìdí kẹrìnlá tí onílé lè fi gba ilé kò béèrè ju pé kí ayálégbé tàbí àlejò rẹ̀ ṣe ohun tó ń yọ ará àdúgbò lẹ́nu, tàbí ohun tó ṣeé ṣe kó yọ wọ́n lẹ́nu. Àmọ́ wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ sẹ́nu ọ̀nà náà: adájọ́ kò ní pàṣẹ àfi tó bá rí i pé ó tọ́ kí ẹni náà pàdánù ilé rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ náà. Onílé lè fi ẹ̀rí ariwo hàn délẹ̀délẹ̀ kó má sì rí ilé gbà.

Ẹjọ́ kan wà tó sábà máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu tí mo bá sọ fún wọn. Ní London, àwọn ayálégbé kan ń gbé ilé àtijọ́ tó jẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ Southwark. Ògiri ilé náà àti ilẹ̀ rẹ̀ kò gba ohùn dúró rárá. Bí aládùúgbò ṣe ń rìn, bí ó ṣe ń jà, bí ó ṣe ń tan iná àti bí ó ṣe ń pa á, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń gbọ́. Ara wọn kò gbà á mọ́, wọ́n pe ìjọba ìbílẹ̀ lẹ́jọ́. Ní 1999, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ náà nígbà yẹn dá a pé kí èèyàn gbé ilé bí gbogbo ayé ṣe ń gbé ilé kò lè di ìyọlẹ́nu, bó ti wù kí ògiri fẹ́lẹ́ tó. Àwọn ayálégbé pàdánù. Ṣùgbọ́n ìlànà kan náà tó já wọn kulẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ló ń gba ayálégbé mìíràn là lónìí: ìyá tí ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ń ké lóru, òṣìṣẹ́ tó ń wọlé ní aago mẹ́ta ìdájí tó sì gbọ́dọ̀ wẹ̀, arúgbó tó ń fi ọ̀pá rìn lórí pákó. Bí ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn yín bá jọ ìgbésí ayé lásán, ẹ má ṣe tètè gbà pé ẹ jẹ̀bi.

Kí ló wá wà ní apá kejì? Orin tó ń gbọn ògiri títí di òru, lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀ yín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Ajá tó ti bu èèyàn jẹ tí ẹ kò sì so ó mọ́lẹ̀. Dídà pàǹtí sí ọ̀nà àbájáde, tàbí kíkó ẹrù tó pọ̀ débi pé bí iná bá sọ, kò sí ẹni tó máa rí ọ̀nà sá. Kí omi máa jò láti ọ̀dọ̀ yín sí yàrá ìsàlẹ̀, kí ẹ wá kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó fẹ́ tún un ṣe. Lílù, ìhalẹ̀, títa oògùn olóró. Díẹ̀ nínú ìwọ̀nyí kò nílò kí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì: ẹni tó fi ọ̀bẹ lé aládùúgbò rẹ̀ kiri kò lè wí pé ìgbà àkọ́kọ́ òun nìyí.

Àwáwí kan tí mo máa ń gbọ́ ni "àlejò mi ni, kì í ṣe èmi." Ní ọ̀pọ̀ ibi, kò tà. Ẹni tó gba ilé ló ń dáhùn fún ọmọ rẹ̀, fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ àti fún ẹni tó ń sùn lórí àga rẹ̀ láti oṣù tó kọjá, pàápàá tó bá mọ ohun tí wọ́n ń ṣe tó sì dákẹ́.

Ìjà ló dé, lorin dòwe

Kì í ṣe gbogbo ẹ̀sùn ìyọlẹ́nu ni ariwo bí. Ìgbà mìíràn wà tí owó ló wà nídìí ẹ̀. Níbi tí òfin ti dí onílé lọ́wọ́ láti fi kún owó ilé ayálégbé tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́, ẹni tuntun á san ju ẹni àná lọ fíìfíì. Òfin irú ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí onílé lé èèyàn láìnídìí. Ìdí wá di ohun tí wọ́n ń wá kiri, ìyọlẹ́nu sì ni èyí tó rọrùn jù láti pè, torí kò sẹ́ni tí kì í pariwo. Lójijì, kẹ̀kẹ́ tó ti wà ní kọ́rídọ̀ láti ọdún mẹ́fà di ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ohun tó mú kí San Francisco mú òfin wọn le ní 2015 kò ju èyí lọ: wọn kò fẹ́ kí a máa fi ohun pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ lé èèyàn.

Mo rò pé England ni ká máa wò báyìí. Láti òfin ti 1988 wá, abala 21 gba onílé láyè láti gba ilé padà láìsọ ìdí kankan, nítorí náà kò sí ìdí fún ọ̀pọ̀ nínú wọn láti bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí ariwo jọ. Òfin àwọn ayálégbé tí wọ́n ṣe ní 2025 ló fòpin sí i, ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún 2026 ni wọ́n sì dá fún un. Onílé gbọ́dọ̀ wá ìdí mú lọ sí kóòtù. Ó dá mi lójú pé ìdí kẹrìnlá tí mo mẹ́nu bà lókè yóò di ọ̀rẹ́ ọ̀pọ̀ onílé.

Báwo ni adájọ́ ṣe ń mọ̀ pé ẹ̀sùn jẹ́ àwáwí? Ọjọ́ ni wọ́n máa ń wò. Tí ayálégbé bá kọ̀wé lọ́jọ́ Ajé pé òrùlé ń jò, tí lẹ́tà ìyọlẹ́nu àkọ́kọ́ láti ọdún márùn-ún sì dé lọ́jọ́ Ẹtì, adájọ́ tí kò bá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọjọ́ méjèèjì kò gbọ́ ẹjọ́. Ní California, òfin kò gbà kí onílé fi ìlékúrò gbẹ̀san láàárín 180 ọjọ́ lẹ́yìn tí ayálégbé bá fẹjọ́ ilé tí kò dára sùn, bí ayálégbé náà kò bá ti jẹ owó ilé.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ kò tilẹ̀ ti ọwọ́ onílé wá. Ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà ṣe òfin tó ń ka iye ìgbà tí wọ́n pe ọlọ́pàá wá sí ilé kan. Bó bá ti pé iye tí wọ́n dá, ilé náà di ilé ìyọlẹ́nu, wọ́n á sì bu owó ìtanràn lé onílé àfi tó bá lé ẹni tó ń gbé ibẹ̀. Lórí ìwé, ó jọ ọgbọ́n. Ẹ wá ro ti obìnrin tí ọkùnrin kan ń lù. Tó bá pe ọlọ́pàá, ó di ìyọlẹ́nu; tí kò bá pè é, ó lè kú. Ní Norristown, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, ìpè mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́rin ti tó láti fa ìlékúrò. Wọ́n gbé ìlú náà lọ sí kóòtù ní 2013, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yanjú rẹ̀, ìlú náà sì yí òfin yẹn dà nù. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà fi í sínú òfin tó ń dáàbò bo àwọn obìnrin lọ́wọ́ ìwà ipá pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti pe fún ìrànlọ́wọ́ láti inú ilé rẹ̀ láìjìyà fún un, ó sì kan àwọn ìlú tó ń gba irú owó ilé gbígbé kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba náà. Nítorí náà, tí onílé bá ka iye ìgbà tí ọlọ́pàá wá sílẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kó tẹ̀ lé e ni pé: ta ló pè wọ́n, kí ló sì ṣe é?

Àìsàn náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń pariwo lóru nítorí ọpọlọ rẹ̀ kò pé, tàbí ọmọ tó ń fi orí gbá ògiri nítorí bí Ọlọ́run ṣe dá a, òfin Amẹ́ríkà lórí ilé àti òfin ìdọ́gba England ti 2010 kò jẹ́ kí onílé ka irú wọn sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é. Ó gbọ́dọ̀ wò ó bóyá ohun kan wà tí wọ́n lè ṣe, bíi yàrá ìsàlẹ̀ tàbí ohun tó ń gba ohùn dúró lára ògiri, kó tó ronú kan ìlékúrò. Kò túmọ̀ sí pé a kò lè lé aláìsàn láé o, bí ẹ̀mí ẹlòmíràn bá wà nínú ewu.

Nọ́tíìsì méjì tí wọ́n ń dà pọ̀

Ìwé méjì ló wà, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ọ̀kan ń sọ pé "jáwọ́ nínú ohun tí ò ń ṣe." Èkejì ń sọ pé "kó jáde." Ní Jámánì, ayálégbé tó ń ba àlàáfíà ilé jẹ́ ṣáá lè pàdánù ilé láìsí pé wọ́n dúró de ìparí àdéhùn, ṣùgbọ́n kí onílé tó dé ibẹ̀, ó ní láti kọ́kọ́ kìlọ̀ fún un, àfi tó bá hàn kedere pé ìkìlọ̀ kò ní wúlò. Ní California, lẹ́yìn tí ayálégbé bá ti gbé ilé fún ọdún kan, òfin tí wọ́n ṣe ní 2019 fẹ́ kí onílé fún un láyè àtúnṣe ná bí ohun tó ṣe bá jẹ́ ohun tó ṣeé túnṣe, ní ọ̀pọ̀ àwọn ilé tí òfin náà kàn.

Lẹ́yìn náà ni nọ́tíìsì tó ń lé èèyàn. Ti ìyọlẹ́nu ní California, ọjọ́ mẹ́ta ni. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn tí wọ́n bá gbọ́ ọjọ́ mẹ́ta, wọ́n rò pé lọ́jọ́ kẹrin wọ́n á kó ẹrù àwọn sí títì. Rárá. Ohun tí ọjọ́ kẹrin ń fún onílé ni àyè láti lọ fi ẹjọ́ sílẹ̀ ní kóòtù. Nígbà tí ìwé kóòtù bá dé, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025, ayálégbé ní ọjọ́ iṣẹ́ kóòtù 10 láti fèsì. Èyí gan-an ni ọjọ́ tó yẹ kó ba èèyàn lẹ́rù. Ẹni tí kò bá fèsì, adájọ́ lè dá ilé fún onílé láìgbọ́ ohùn rẹ̀, àtàtà ẹ̀rí tó kó jọ sílé kò sì ní rí ẹni kà á.

Èkó náà ní irú ìdàrúdàpọ̀ yìí, ọjọ́ méje ni tiwọn. Bí ìwé àdéhùn kò bá sọ nǹkan mìíràn, ẹni tó ń san owó ilé lóṣooṣù ní nọ́tíìsì oṣù kan, ẹni tó ń san lọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà. Tí àkókò yẹn bá pé, onílé á tún fún un ní nọ́tíìsì ọjọ́ méje. Gbogbo èèyàn ló ń sọ pé "wọ́n ti fún un ní seven days," bí ẹni pé ọjọ́ kẹjọ ni yóò sùn síta. Ìwé ọjọ́ méje yẹn kò ju ìfitónilétí lọ: onílé ń sọ pé òun fẹ́ lọ bẹ kóòtù kó gba ilé fún òun. Ìrìn àjò sí kóòtù ló ń bẹ̀rẹ̀.

Ní England, ìdí kẹrìnlá gba onílé láyè láti fi ẹjọ́ sílẹ̀ ní kíá tó bá ti fún ayálégbé ní nọ́tíìsì. Yíyára dé kóòtù kò ní kó borí níbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́, iná àti òrùlé

Èyí kò nílò àlàyé gígùn. Onílé tó pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́, tó gé iná tàbí omi, tó ṣí páànù orí ilé, tàbí tó kó ọmọkùnrin mẹ́rin wá kí wọ́n wá ju ẹrù síta, ti sọ ara rẹ̀ di ẹlẹ́bi, kódà bí ayálégbé náà bá jẹ́ ìyọlẹ́nu paraku. Òfin Èkó ti 2011 pè é ní ẹ̀ṣẹ̀: owó ìtanràn tí kò ju ₦250,000 lọ, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ìwà ọ̀daràn ni ní England lábẹ́ òfin wọn ti 1977. California lè bu tó 100 dọ́là lé e fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí onílé bá fi gé iná tàbí omi tàbí tó fi ti ilé mọ́ èèyàn síta. Gúúsù Áfíríkà tilẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè wọn, ní abala 26, pé a kò gbọ́dọ̀ lé ẹnikẹ́ni kúrò ní ibùgbé rẹ̀ láìjẹ́ pé kóòtù pàṣẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tó ti yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wò.

Ní Nàìjíríà, ẹjọ́ tí gbogbo lọ́ọ̀yà mọ̀ lórí èyí kì í ṣe ti onílé àti ayálégbé lásán. Ìjọba ológun Ìpínlẹ̀ Èkó lo ọlọ́pàá láti lé Odumegwu Ojukwu jáde nínú ilé kan ní Ìkòyí nígbà tí ọ̀rọ̀ ilé náà ṣì wà níwájú kóòtù. Ní 1986, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ bá ìjọba náà wí gidigidi pé agbára kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ kóòtù ṣe. Bí ẹni tó ní ìbọn kò bá lè ṣe é, onílé tó ní kọ́kọ́rọ́ kejì kò lè ṣe é.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Bí ìjà bá wà, tàbí ìhalẹ̀, iṣẹ́ wọn ni. Kí wọ́n wá kó ẹrù èèyàn jáde nítorí onílé bẹ̀ wọ́n, kì í ṣe iṣẹ́ wọn.

Ẹ̀rí, níbi tí ẹjọ́ ti ń kú

Tí ẹ bá ka ohun kan ṣoṣo nínú àlàyé yìí, ẹ jẹ́ kó jẹ́ èyí. Ọ̀pọ̀ onílé tó ní ayálégbé burúkú lóòótọ́ ló ń pàdánù, nítorí ohun tí wọ́n gbé lọ sí kóòtù ni "ó máa ń pariwo ṣáá." Adájọ́ kò lè fi "ṣáá" gba ilé. Ẹni tó bá mú ìwé kékeré jáde tó sì kà á pé ní ọjọ́ báyìí, aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú òru, ìlù bẹ̀rẹ̀ ní yàrá òkè, ó gba wákàtí méjì, ẹni tó wà ní yàrá kejì jí, wọ́n kan ilẹ̀kùn kò ṣí, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ti fún adájọ́ ní nǹkan tó lè dì mú. Ẹ kọ ọ́ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí wọ́n jókòó kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ ẹjọ́ máa ń hàn, ó máa ń jọ ara rẹ̀ jù.

Ẹlẹ́rìí tún ni ìṣòro kejì. Gbogbo ilé ló ń kùn ní kọ́rídọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wá sọ ọ́ níwájú adájọ́, ọ̀kan á rìnrìn àjò, ara ọ̀kan kò ní yá, ẹ̀kẹta á ní "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi sí i." Onílé tí kò gbé ilé náà fúnra rẹ̀ kò sì gbọ́ ariwo kankan, ohun tí wọ́n sọ fún un ló ń tún sọ. Lọ́ọ̀yà ẹ̀gbẹ́ kejì á béèrè ìbéèrè kan péré: "Ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ gbọ́?" Nítorí náà, kí onílé tó ná kọ́bọ̀ sórí ẹjọ́, kó mọ ẹni tí yóò dìde dúró.

Fídíò orí fóònù wúlò láti fi hàn pé nǹkan ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò láti fi hàn bí ó ṣe ròkè tó, torí ẹni tó bá fẹ́ lè yí ohùn sókè. Láwọn ibi kan pẹ̀lú, gbígba ọ̀rọ̀ ẹni sílẹ̀ láìjẹ́ kó mọ̀ lè kó ẹni tó gbà á sílẹ̀ sí wàhálà.

Ayálégbé náà, ẹ má ṣe fi ìbínú dáhùn. Èsì oníèébú tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí fóònù ní aago méjìlá òru ni ìwé àkọ́kọ́ tí wọ́n máa kà ní kóòtù. Ẹ kọ èsì kúkúrú tó dákẹ́: ẹ ti gba ìwé wọn ní ọjọ́ báyìí, orin tí wọ́n wí, ẹ ti gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lára ògiri, ti ọjọ́ kejì, ẹ kò sí nílé, ẹ̀rí rẹ̀ sì nìyí. Ẹ gba ohun tó jẹ́ òótọ́, ẹ má gba ohun tí kì í ṣe òótọ́ nítorí kí wọ́n lè fi yín sílẹ̀. Tí aládùúgbò kan bá wà tó ń gbé láàárín yín àti ẹni tó fi ẹjọ́ sùn, tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó ṣeyebíye ju ọ̀rẹ́ mẹ́wàá tó ń jẹ́rìí pé èèyàn dáadáa lẹ jẹ́. Ẹ máa bá owó ilé lọ, kí ẹ sì gba rìsíìtì. Ní ọ̀pọ̀ ibi, onílé tó gba owó ilé tuntun lẹ́yìn tí nọ́tíìsì rẹ̀ ti pé lè ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba nọ́tíìsì náà jẹ́. Ẹ bi lọ́ọ̀yà bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ yín.

Ẹnì kẹta tí a máa ń gbàgbé

Ayálégbé mìíràn wà nínú ilé yẹn, tó ń san owó tirẹ̀ déédéé tí kò sì sùn láti oṣù méjì. Òfin fún un ní ẹ̀tọ́ láti gbé ilé rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Ó wà nínú òfin Èkó ti 2011, ó sì wà nínú ìwé àdéhùn lọ́pọ̀lọpọ̀ ibi kódà bí wọn kò bá kọ ọ́. Àmọ́ ẹ̀tọ́ yìí, onílé àti àwọn tirẹ̀ ló dè jù. Bí ó bá jẹ́ aládùúgbò ló ń pariwo tí onílé kò sì lọ́wọ́ sí i, kóòtù England, bí àpẹẹrẹ, kì í sábà dá onílé lẹ́bi nítorí pé ó dákẹ́. Kí ẹni náà máa kọ̀wé sí onílé ni, kó sì tún mọ̀ pé ọ̀nà mìíràn wà tí kò gba ọ̀dọ̀ onílé kọjá: ìjọba ìbílẹ̀ ní England lè pàṣẹ kí ariwo dáwọ́ dúró lábẹ́ òfin àyíká ti 1990, ẹni tó bá sì kọ̀ yóò jẹ́jọ́.

Èyí ló mú kí n máa rò pé a tètè máa ń sáré lọ sí ìlékúrò jù. Ohun tí aládùúgbò fẹ́ ni oorun. Adájọ́ lè pàṣẹ kí ìwà náà dáwọ́ dúró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kó jáde. Ní England, ó tún lè dá ilé fún onílé kó sì so àṣẹ náà rọ̀: ayálégbé á máa gbé níbẹ̀ bí kò bá ti dá àṣà yẹn mọ́, tó bá dá a, àṣẹ á ṣẹ. Èkó ní ibùdó ìlàjà tìjọba, Citizens' Mediation Centre, tó ń gbọ́ ẹjọ́ onílé àti ayálégbé láìgba owó. Ìwé tí àwọn méjèèjì bá fọwọ́ sí níbẹ̀, pé kò ní sí orin lẹ́yìn aago mẹ́wàá, kí jẹnẹrétọ̀ sún sí ẹ̀yìn ilé, máa ń wúlò lọ́nà méjì. Bí wọ́n bá pa á mọ́, wàhálà tán. Bí ayálégbé bá rú u, onílé ti ní ẹ̀rí tó lágbára jù lọ tó lè gbé lọ sí kóòtù, èyí tí ẹni tó ń pariwo fọwọ́ ara rẹ̀ sí.

Ìwé abẹ́ ìlẹ̀kùn tí a fi bẹ̀rẹ̀ yẹn wá ńkọ́? Ẹ má ya á, ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ẹ kọ ọjọ́ àti aago tí ẹ rí i sí ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ wá ìwé àdéhùn yín jáde, ẹ wo ohun tó sọ nípa ariwo àti nípa nọ́tíìsì. Ẹ kọ èsì kúkúrú, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ máa retí ìwé tó ní òǹtẹ̀ kóòtù. Èyí tí ẹ kò gbọ́dọ̀ fi sábẹ́ ìrọ̀rí di ọjọ́ kejì nìyẹn.